Ìyàwó Ìsọlọ̀, Ọmọ Ìrágbò

Omi ẹ̀rọ kò yọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, iná mànàmáná ti lọ láti àná, ìyá ọkọ sì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ìyá ọkọ nìkan ni Ìsíátù mọ̀ pé kò ní í sinmi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

"Mo ní kí lo fẹ́ fi káńsù ṣe?" Màmá ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, ó jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, Bíbélì rẹ̀ wà lórí itan. "O lọ́kọ. O bímọ. O ní ìsọ̀ l'Óṣòdì. Kí ló tún kù tó ò ń wá kiri?"

Ìsíátù kò gbójú sókè. Ẹja ló ń kó sínú ọbẹ̀, ọbẹ̀ àwọn àlejò tí ń bọ̀ lọ́sàn-án, ó sì ti wà nídìí iná láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ.

"Màmá, ẹja ń bàjẹ́ ní Ìrágbò."

"Ẹja ti ń bàjẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn, Màmá."

"Ulé ọkọ lulé obìnrin," Màmá fi Èkìtì dá a lóhùn, nítorí ohun tó bá ti dùn ún dọ́kàn, Èkìtì ló fi ń sọ ọ́. "Ẹni tó bá fẹ́ tún ìlú ṣe, kó tún ti ọkọ rẹ̀ ṣe. Àwa náà ní ìlú. Àwa náà ò ní iná."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń bí èèyàn nínú. Ọdún 1976 ni. Owó epo rọ̀bì ń ya wọ Nàìjíríà, ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ lánàá ń wa Pijó lónìí, ilé alájà mẹ́ta ń hù lójú ọ̀nà Aswani bí olú. Síbẹ̀, l'Ísọlọ̀, láàárín gbogbo owó yìí, korobá ni wọ́n ń rù kiri wá omi. Bí Ìsọlọ̀ bá rí báyìí, kí lẹ rò pé ojú Ìrágbò rí? Erékùṣù ni Ìrágbò, nínú ọ̀sà, ibẹ̀ ni wọ́n bí Ìsíátù sí. Àwọn apẹja ń kó ẹja gúnlẹ̀ láàárọ̀, kò sí yìnyín, kò sí èbúté gidi, ọkọ̀ àwọn alájàpá kì í sì í dé àfi ìgbà tí oòrùn bá ti mú tí ẹja ti ń rọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń pẹ́ ni! Iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n á dá lé e, apẹja á sì gbà, torí bí kò bá gbà, ọ̀sà ni yóò da ẹja rẹ̀ padà sí. Àwọn géńdé ibẹ̀ ti sá lọ ru sìmẹ́ńtì ní Àpápá. Ìyá wọn nìkan ló kù nídìí ààrò, tí èéfín ń fọ́ lójú.

Ìsíátù wá ni o, ọmọ apẹja pọ́ńbélé, ẹja inú yìnyín ló ń tà l'Óṣòdì, páálí páálí, ẹja tí ọkọ̀ òkun gbé ti ìlú òyìnbó wá, tí àwọn ará òkè ń pè ní òkú Èkó. Ó ti rí owó nínú rẹ̀. Òun ló ra ọkọ̀ ìjàpá tí ọkọ rẹ̀ ń wà lọ síbi iṣẹ́ tíṣà. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tó ṣí páálí kan tí kò ní í rántí pé ẹja bàbá òun ń jẹrà nílé, ọ̀rọ̀ náà sì ń gbóná lára rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò lọ sí káńsù, àwọn obìnrin ayanja Ìrágbò ránṣẹ́ sí i. "Ìwọ ni kó o lọ. Ìwọ lo mọ ọjà, ìwọ lo mọ àwọn tí ń rẹ́ wa jẹ." Ó gbà. Ó tilẹ̀ ti ra ẹ̀rọ tí ń ṣe yìnyín, ó wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ tapólì. Ìyá Ọmọ́wùmí, alájọgbélé wọn tó wá láti Òṣogbo, ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ owó ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ láìsí iná, láìsí èbúté, kí ló jẹ́? Irin lásán. Káńsù ló lè ṣe méjèèjì.

Àwọn àgbà Ìrágbò ní àwọn ti gbọ́, kò burú, ṣùgbọ́n ìyàwó onílé ni Ìsíátù. Àwọn yóò kọ́kọ́ lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ilé ọkọ rẹ̀. Òní ni wọ́n ń bọ̀. Lọ́la, ọjọ́ Ajé, ni baálẹ̀ yóò mú orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lọ fún aṣojú ìjọba. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú lónìí, ó parí nìyẹn.

Olúbọ̀wálé, ọkọ rẹ̀, jáde láti inú iyàrá, ó ń so táì.

"Bàbá Títí," Ìsíátù ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé a ti jọ sọ ọ́, ẹ sì ti gbà."

"Mi ò sọ pé rárá."

"Ṣé ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Mo ní mi ò sọ pé rárá." Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo aago. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ìsìn ti ń bẹ̀rẹ̀."

Irú ẹni tí Olúbọ̀wálé jẹ́ nìyẹn. Kò burú. Kò rorò. Kì í na ìyàwó, kì í mutí. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń jó, yóò kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ bóyá kí òun bu omi. Ó kó ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ sínú ìjàpá, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ìsíátù sì padà sídìí ọbẹ̀.

Wọn ò tíì pẹ́ lọ tí Mísbáù fi dé. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni, àbúrò tí ìyàwó kékeré bí, ó wọ ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀ àti bàtà gogoro tí kò jẹ́ kó rìn dáadáa. Ó ní àwọn àgbà ti dé, Bàbá Súbérù àti ẹnì kejì rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ ni wọ́n wọ̀, wọ́n ń sinmi nílé ìbátan kan ní Ṣógúnlé.

"Kí ló wà lọ́wọ́ wọn?" Ìsíátù bi í.

"Ìka."

"Mísbáù, mi ò bá ọ ṣeré. Kí ni wọ́n gbé wá?"

"Àǹtí mi, mo ní ìka ọwọ́ wọn ni wọ́n gbé wá. Owó ọkọ̀ gan-an, èmi ni mo san án. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n gbé? Ẹja tó rà?"

Ìsíátù fi ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. Kí àgbà méjì rọra wọ ilé àna lọ́wọ́ òfo, láti wá tọrọ ohun ńlá! Níwájú Màmá! Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra ni ìyá yìí ti ń sọ ọ́ lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ pé àwọn ará omi kò mọ̀ ju kí wọ́n jẹ kí wọ́n nu ẹnu. Ó bọ́ sínú iyàrá, ó mú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí Mísbáù tẹ̀lé òun lọ sí ọjà.

Kí ni èèyàn ń gbé lọ sílé àna? Ohun tí Ìsíátù mọ̀ ni ohun tí wọ́n gbé wá nígbà tirẹ̀. Kò sí ẹrù mìíràn tó ti rìn láàárín ilé méjèèjì yìí rí. Ó ra iṣu tó dúró dáadáa, ó ra epo, ó ra iyọ̀, ó ra oyin inú ìgò, ó ra obì àti orógbó àti ataare, ó tilẹ̀ ra ju bó ṣe rántí rẹ̀ lọ, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú òtòṣì wo àwọn èèyàn òun. Ó kó gbogbo rẹ̀ lé Mísbáù lọ́wọ́.

"Kí Bàbá Súbérù sọ pé àwọn ni wọ́n rà á. O gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹ fún mi lówó takisí."

Ìyá Ọmọ́wùmí wà lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n ń to ẹrù náà sínú takisí, kò sì jẹ́ kí ó kọjá.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyá Títí, ta ló ń gbéyàwó nínú ilé yìí tí wọn ò sọ fún wa?"

"Ẹ̀yin náà kẹ̀! Ẹ kì í sinmi."

"Mo kàn ń bèèrè ni o. Bí mo bá ti rí iyọ̀ àti oyin lójú kan náà, ẹsẹ̀ mi á máa jó fúnra rẹ̀."

Ìsíátù rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Ká ní ó dúró ronú díẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ wà lórí iná, ìrẹsì wà lórí iná kejì, omi tó kù nínú dúrọ́ọ̀mù kò tó fọ àwo. Obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ilé méjì pọ̀, ìgbà wo ni yóò ráyè ronú?

Àwọn àgbà dé lẹ́yìn ìsìn. Bàbá Súbérù ló ṣíwájú, àbúrò bàbá Ìsíátù, òun ni olórí ilé wọn báyìí. Àgbà kejì ni Abórìṣàdé, ẹnu rẹ̀ ni baálẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Fìlà rẹ̀ bò ó lójú, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mísbáù ru ẹrù tẹ̀lé wọn. Olúbọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àna rẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá a wí níbẹ̀. Ìsíátù kúnlẹ̀, Títí, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń lọ sí ìwé mẹ́fà, bu omi wá. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun.

Wọ́n jẹun, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n jẹ ẹ̀bà lé e, wọ́n jẹ adìẹ dé eegun. Bàbá Súbérù ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún ọmọ òun ní ọwọ́ tó dùn, Mísbáù sì tún bèèrè bóyá ẹja kù. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jẹun, Màmá kò gbé ojú kúrò lára ẹrù tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀. Ó wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó dé orí ìgò oyin, ó dúró níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti fọwọ́ tán, Bàbá Súbérù gé e kúkurú. "Àna wa, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ wa. A kò wá jà, a kò wá ṣe àríyànjiyàn. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nílé tí àwọn obìnrin wa ní kò sí ẹni tó lè gbé e bí kò ṣe Ìsíátù."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," Màmá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ẹ dákun, kí ẹ tó lọ jìnnà. Ta ló ni ẹrù yìí?"

"Àwa ni."

"Ẹ̀yin lẹ rà á?"

Bàbá Súbérù wo Mísbáù. Mísbáù wo bàtà rẹ̀. "Àwa la rà á. Ọ̀wọ̀ yín la fi rà á."

"Ẹ ṣeun. Kí lẹ wá fi tọrọ?"

"Ọmọ wa náà ni. Ẹ fún wa ní ọmọ wa."

Kí ó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni baba náà fẹ́ ṣe, kí ó ní, ẹ fún wa kí ó lọ bá wa ṣojú ní káńsù. Màmá kò jẹ́. Ó ti dìde. Ó lọ síbi ẹrù náà, ó mú orógbó kan, ó fi eyín là á, gbogbo wọn sì gbọ́ bó ṣe ké.

"A gbà á," ni Màmá wí. "Olúbọ̀wálé, wò ó dáadáa. Iṣu nìyí, epo nìyí, iyọ̀ nìyí, oyin nìyí, obì, orógbó, ataare. Ohun tí èmi àti bàbá rẹ rù lọ sí Ìrágbò lọ́jọ́ ìdána nìyí, iṣu kan kò dín. Mo ti sọ pé àwọn ará omi kò mọ nǹkan, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà, wọ́n mọ̀. Wọ́n fẹ́ gba ọmọ wọn padà, wọ́n dá ẹrù ìdána padà bó ṣe yẹ. Ó ti tán. Ẹ máa mú un lọ. Àwọn ọmọ ni tiwa."

Ẹnu Ìsíátù là sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà lọ́jà, ó rí i bí Màmá ṣe rí i, bí Ìyá Ọmọ́wùmí ṣe rí i, bí gbogbo ẹni tó ní ojú ṣe lè rí i. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó dá a lójú pé yóò sọ̀rọ̀. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé "Màmá, ó tì" péré ni. Olúbọ̀wálé la ẹnu.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká..." ó ní.

"Ká kí ni?" Màmá bi í.

Ó pa ẹnu dé. Gbogbo pálọ̀ ń retí rẹ̀.

"Èmi ni mo rà á!" Ohùn Ìsíátù ya jáde. "Màmá, ẹ dákun, kì í ṣe wọ́n! Èmi ni mo rà á láàárọ̀ yìí l'ọ́jà, nítorí pé wọn ò mú nǹkan wá, mi ò sì fẹ́ kójú tì wọ́n níwájú yín. Mi ò ronú kan ìdána. Mo fi Ọlọ́run búra!"

Ẹyin lohùn. Bàbá Súbérù ti fà sẹ́yìn lórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú. Kí ọmọ ẹni sọ ọ́ ní gbangba ilé àna pé ọwọ́ òfo lèèyàn gbé wá, pé irọ́ lèèyàn pa!

"O ṣeun, Ìsíátù," ni baba náà wí. "O ṣeun gan-an. O tà wá lọ́pọ̀."

Màmá ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Ó wá burú jù báyìí! Obìnrin fi owó ara rẹ̀ ra ìdána ara rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ padà sílé ọkọ! Ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Mo rò pé àwọn èèyàn rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á, àṣé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ máa lọ. Orógbó tí mo jẹ ti wọ ikùn. Mi ò lè bì í."

"Màmá, èmi ni mo ń bọ́ yín nílé yìí!"

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Olúbọ̀wálé gbójú sókè nígbà náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ ta láti àárọ̀. "Ìyá Títí! Ìyá mi lò ń bá sọ̀rọ̀ o!" Ẹ rí i báyìí? Ẹnu tó wúwo láti gba ìyàwó sílẹ̀, ó fúyẹ́ láti bá a wí.

Abórìṣàdé ló wá wúkọ́. Ó ti fìlà rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ilé.

"Ẹ má bínú, kò tó ìjà. Ohun tí baálẹ̀ ní kí n sọ ni pé ìyàwó ará ibòmíràn kò lè ṣojú Ìrágbò, nítorí ẹnu ọkọ rẹ̀ ni yóò máa gbọ́. Ìdí tí a fi wá tọrọ ààyè nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ti wá yí padà níṣojú wa. Wọ́n ní àwọn ti yọ̀ǹda rẹ̀."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," Ìsíátù ní. Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Bí wọ́n bá ti yọ̀ǹda mi, ẹ mú orúkọ mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n rí nǹkan kan mú nínú ìyà yìí."

"Ọmọ mi, ṣé o rí i, obìnrin tí kò sí nílé ọkọ náà kò lè ṣojú wa. Dálémosú ni ayé yóò máa pè é. Ta ni yóò máa bá a wí? Ìlú mìíràn yóò máa fi wá ṣẹ̀sín."

Ìsíátù wò ó. Ó dà bí ẹni pé kò gbọ́. "Bàbá, ẹ ní bí mo bá lọ́kọ, mi ò lè lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí mi ò bá lọ́kọ, mi ò lè lọ."

"O ti gbọ́ ọ dáadáa."

"Irú obìnrin wo ló wá lè lọ?"

Abórìṣàdé fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀. Bàbá Súbérù ló gba ọ̀rọ̀ náà, ó ń wo ibòmíràn. "Ohun tí a jọ rò nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń bọ̀ ni pé kí a má bàa pàdánù àǹfààní yìí, kí Mísbáù dúró. Ọkùnrin ni. Ọmọ bàbá rẹ náà ni, kì í ṣe àjèjì."

Nínú ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀! Kí wọ́n tó dé. Kí wọ́n tó jẹ ìrẹsì, kí wọ́n tó jẹ adìẹ, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan orógbó. Ìsíátù yíjú sí àbúrò rẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n láàárọ̀, tó mọ̀ ọ́n nígbà tí ó ń tẹ̀lé òun kiri ọjà, tó tún gba owó takisí lé e.

"Mísbáù, eélòó ni wọ́n ń ta agbọ̀n ẹja ní Ìrágbò?"

"Àǹtí mi..."

"Ìgbà wo lo dé ìdí ààrò kẹ́yìn?"

"Ẹ̀yin náà lẹ máa wà lẹ́yìn mi, Àǹtí. Ẹ ó máa sọ ọ́ fún mi, èmi á máa sọ ọ́ fún wọn ní káńsù. Ṣebí nǹkan kan náà ni?"

"Ọ̀rọ̀ tó dára ló sọ yẹn," Bàbá Súbérù ní. "Ìwọ ni owó, òun ni ẹnu. Ẹ̀rọ yìnyín tó wà lẹ́yìn ilé yẹn, kó o jẹ́ kí a tètè gbé e lọ sí Ìrágbò kí káńsù tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn èèyàn rí i pé Mísbáù ní nǹkan lọ́wọ́."

Mo bi yín, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí ni ẹ̀ bá ṣe? Bí ó bá ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà, òmùgọ̀ ni. Bí kò bá jẹ́ kí wọ́n gbé e, àwọn obìnrin tí èéfín ń fọ́ lójú, tí wọ́n ránṣẹ́ sí i, àwọn náà ni ìyà yóò jẹ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìsíátù dúró láàárín pálọ̀, ó di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú gírígírí.

"Ẹ máa lọ," ni ó sọ níkẹyìn. "Ẹ bá mi kí baálẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ kò ní í kúrò níbi tó wà. N óò bá yín ní etí omi Ìrágbò lọ́la. Ẹ pe orúkọ Mísbáù lójú mi, lójú àwọn obìnrin tó ní kí n wá. Ẹ sọ ohun tí ẹ sọ fún mi nínú pálọ̀ yìí fún wọn, kí àwọn náà gbọ́."

"Wíwá rẹ kò lè yí nǹkan kan padà," Abórìṣàdé ní. "Ẹni tí baálẹ̀ bá mú lọ nìkan ni ìjọba mọ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá. N óò ṣì wá."

Wọ́n dìde. Olúbọ̀wálé tún dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá àna rẹ̀ ni wọ́n ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀. Mísbáù gba ẹja tó kù nínú ìkòkò lọ́wọ́ Títí, ó ní ọ̀nà jìn. Wọ́n jáde, Ìyá Ọmọ́wùmí sì wà lẹ́nu géètì, ó kí wọn kú ìnáwó. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ojúlé kejì àti ẹ̀kẹta. Wọ́n ń pe ohùn wálẹ̀ bí Ìsíátù bá kọjá láti da omi àwo nù, wọ́n sì ń gbé e sókè bó bá ti padà wọlé. Ẹnì kan ní owó ló ń gun Ìyá Títí. Ẹlòmíràn ní ọkọ rẹ̀ ló ní sùúrù jù.

Nínú iyàrá, ọkọ rẹ̀ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tú táì.

"Màmá kò ní í gbé ibí títí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Bó bá ti padà sí Èkìtì, gbogbo wa á gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí."

"Ta ni yóò gbàgbé?"

"Ìyá mi ni, kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Èmi ńkọ́? Kí lèmi jẹ́? Ẹ kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Bàbá Títí. Ẹ lọ sí pálọ̀ kí ẹ sọ ohun tí mo jẹ́ sí yín fún wọn."

"Rọra sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé ń gbọ́."

Ìsíátù wò ó pẹ́. Ọkùnrin tí òun fẹ́ràn ni, ibẹ̀ ló ti wá ń dun ni jù. Ó jáde lọ jókòó sí àga tó wà létí fèrèsé pálọ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Iná kò dé. Olúbọ̀wálé wá jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn, Títí ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, àbúrò rẹ̀ ń sunkún oúnjẹ. Àlejò ti jẹ èyí tó wà nílé tán. Màmá jáde láti inú yàrá rẹ̀, ó ti bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó wo orí tábìlì, kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìyàwó o!" ó pariwo lọ sí ilé ìdáná tí kò sí ẹnìkan níbẹ̀. "Ìyàwó! Ṣé ebi ni ká fi sùn lónìí ni?"

"Ìyàwó ta ni, Màmá?"

Màmá yíjú. Kò mọ̀ pé Ìsíátù wà nítòsí òun bẹ́ẹ̀.

"Mo ní ìyàwó ta ni?" Kò pariwo. Kò dìde. "Bàbá Títí, ẹ gbọ́, Màmá ń pe ìyàwó. Ìyàwó ta ni?"

Olúbọ̀wálé gbé ìwé ìròyìn sún mọ́ ojú. Ilẹ̀ ti ṣú, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè rí kà nínú rẹ̀. Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó ń retí kó dáhùn. Ọmọ kékeré náà pàápàá dákẹ́ ẹkún.

Títí rọra pa ìwé rẹ̀ dé. Ó dìde, ó mú ìṣáná lórí tábìlì, ó ń lọ sí ilé ìdáná.

"Níbo lò ń lọ?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo fẹ́ lọ dáná, Mọ́mì."

"Ta ló rán ọ?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Ó wo ìyá àgbà. "Ẹnikẹ́ni ò rán mi."

"Fi ìṣáná sílẹ̀," ni Ìsíátù wí. Ó sún díẹ̀ lórí àga. "Wá jókòó."

Títí padà wá, ó jókòó tì í.